Òtítọ́ Kì í Gba Àfikún

“Òtítọ́ àfikún” kẹ̀? Òtítọ́ tí wọ́n bá ti bu nǹkan kún, irọ́ là ń pè é nílé wa. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fún lórúkọ burúkú yìí kò purọ́ fẹ́nì kan: o na kámẹ́rà fóònù sí ara rẹ, agbádá tí télọ̀ kò tíì gé yọ lára rẹ lójú fóònù, o sì mọ̀ bóyá ó yẹ ọ́ kí aṣọ tó ṣòfò. Ní nǹkan bí ọdún 1990 ni Tom Caudell ti ilé iṣẹ́ Boeing fún un lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì, “augmented reality”, nítorí àwọn tó ń to wáyà ọkọ̀ òfurufú.

Ìran là ń fi nǹkan kún, kì í ṣe òtítọ́. Rí àti ìran ló di ríran, wò àti ìran ló di wòran. Kún àti ìran á di kúnran. Àfikúnran ni mo dábàá. Ẹnì kan lè ní ti wòlíì ni ìran. Èyí tí à ń wò lójú agbo egúngún ńkọ́? Ta ló ń pe òǹwòran ní wòlíì?

Kámẹ́rà àti fóònù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sí lára àwọn tó ń kọ “ẹ̀rọ ayárabíàṣá” sínú ìwé, tí wọ́n ń pè é ní kọ̀ǹpútà nílé.

Kí oníṣẹ́ ọnà pe àwọn tí yóò lo nǹkan jókòó, kí wọ́n jọ pinnu bí yóò ṣe rí, ni Kristen Nygaard àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ onírin ṣe ní Norway ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. “Ìṣètò alájọkópa” tí wọ́n ń pè é wúwo bí ìwé ìjọba. A ní àjọbí, a ní àjọjẹ. Dá àti àrà di dárà. Àjọdárà! Oníbàárà tó gbé àdìrẹ dé, tó ní kí ọrùn rí báyìí, tí télọ̀ ní rárá, àjọdárà ni wọ́n ń ṣe.

Èyí tó le jù láti fún lórúkọ ni oge tí kì í ba ayé jẹ́. “Oge tó ṣeé gbé dúró”: ṣé oge ṣubú ni? Àlòkù là ń pe òkìrìkà, àlòpẹ́ sì bá a tan: oge alálòpẹ́. Àmọ́ ọjọ́ ayé aṣọ nìkan lọ̀rọ̀ yìí gbé. Kò kan àwọn ènìyàn tó lé ní 1,100 tó kú ní 2013, nígbà tí Rana Plaza tí wọ́n ti ń ránṣọ wó ní Bangladesh. Fún ìyẹn, mo wo “oge aláìnilára” láti inú ìnilára, ó mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n ó jọ aláìnílàárí létí. Ẹni tó bá yára gbọ́ ọ á rò pé a ń bú aláṣọ ni. Alálòpẹ́ ni mo ṣì ń kọ.