Ohun Tí Ogbó Ń Mú Lọ Nínú Ọpọlọ

Bí dókítà bá la ọpọlọ òkú ní ìdábùú nísàlẹ̀, níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀pá ẹ̀yìn, yóò rí ìlà dúdú méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọn kò nípọn, wọn kò sì gùn, àmọ́ ojú lásán tó rí wọn. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dópámíìnì, ọ̀kan lára èròjà tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́, kó jọ sí. Nínú ọpọlọ ẹni tí àìsàn Parkinson, èyí tó ń mú ara gan tó sì ń mú ọwọ́ gbọ̀n, bá fínra títí dójú ikú, ìlà náà á ti ṣá, á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọ̀ ibi tó yí i ká mu. Nínú ọpọlọ arúgbó tí ara rẹ̀ le títí ọlọ́jọ́ fi dé, dúdú rẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ lábẹ́ awò, wọn kì í pé: nǹkan bíi 5 nínú 100 ló ń lọ ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, láìsí àìsàn kankan.

Iṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń lọ wọ̀nyí ń ṣe ló gbà mí lọ́kàn. Ẹnu aráyé ti sọ dópámíìnì di nǹkan adùn. Wọ́n ní òun ni kì í jẹ́ kí atatẹ́tẹ́ lè jáwọ́, òun ni kì í jẹ́ kí ọmọdé gbé fóònù sílẹ̀. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò pé. Bí èèyàn bá ń darúgbó, iṣẹ́ mìíràn tí dópámíìnì ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá ló máa ń hàn síta nígbà tí kò bá tó mọ́: òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ lè fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ kó bọ́ sínú òmíràn. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé agbára tó ń tán nìkan ni ìfàsẹ́yìn ọjọ́ ogbó. Ọpọlọ tí dópámíìnì rẹ̀ dín kù ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò kàn lè tètè kúrò níbi tó wà mọ́ ni.

Iná tín-ín-rín ń kọjá nínú ọpọlọ tọ̀sán tòru, òun ló sì jẹ́ ká lè rí bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Hans Berger, dókítà ní ìlú Jena ní Jámánì, ló kọ́kọ́ gba iná yìí sílẹ̀ láti orí èèyàn ní 1924. Ó di 1929 kó tó gbé e jáde fún aráyé kà. Ó rí i pé bí èèyàn bá dijú tó sì fara balẹ̀, ìgbì kan máa ń wá láti ẹ̀yìn orí, nǹkan bíi ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Alpha ni wọ́n ń pè é. Èyí tó yára jù ú lọ, láti 13 dé 30, ni beta, ibi tí ọpọlọ ti ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ la sì ti sábà máa ń bá a. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, alpha á máa fà sẹ́yìn: 10 á di 9, ti ẹlòmíràn á sún mọ́ 8. Ní ti beta, ńṣe ló máa ń lágbára sí i nígbà tí arúgbó bá jókòó jẹ́ẹ́.

Kí ni ìgbì tó lágbára túmọ̀ sí? Ẹ wo ọjà. Bí oníkálukú bá ń ná ọjà tirẹ̀, ariwo hùn-ùn lásán ni ẹni tó wà lókèèrè á máa gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọjà ń tà. Bí gbogbo wọn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pọ̀, ìró rẹ̀ á dé abúlé kejì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tajà mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ká ìgbì tó ga, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà ló ká. Ní ti beta, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ara dúró bó ṣe wà. Kí èèyàn tó nawọ́ mú ife omi, beta ibi tó ń darí ọwọ́ yẹn á kọ́kọ́ rọlẹ̀. Ọwọ́ á lọ. Bó bá ti mú ife tán, beta á tún gbéra sókè.

Ewéko méjì tí àwọn onísègùn wa mọ̀ bí ẹni mowó wọ inú ìtàn bí wọ́n ṣe mọ iṣẹ́ tí dópámíìnì ń ṣe nínú èyí. Àwọn bàbá wa ti ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú láti ọjọ́ pípẹ́. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Reserpine wà nínú gbòǹgbò náà, ohun kan náà tí wọ́n yọ ní Basel ní 1952 láti ara ìbátan igi yìí tó ń hù ní Íńdíà. Ní 1957, Arvid Carlsson ní Sweden fún àwọn ehoro ní reserpine. Dópámíìnì ọpọlọ wọn gbẹ, wọn kò lè mira mọ́, etí wọn wó lulẹ̀. Ó wá fi L-dopa, èyí tí ara fi ń ṣe dópámíìnì, gún wọn lábẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde, tí etí nà ṣánṣán. Ní 2000, iṣẹ́ rẹ̀ lórí dópámíìnì sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel. L-dopa ọ̀hún ló pọ̀ nínú èso yèrèpè, tí irun ara rẹ̀ ń yún èèyàn débi tí àwọn ọmọdé fi ń sá fún un. Ó jẹ́ ìyanu fún mi pé inú igbó kan náà la ti lè rí èyí tó ń gbẹ dópámíìnì àti èyí tó ń dá a padà. Kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn lọ máa jẹ yèrèpè o: iye tó wà nínú èso kan kọ́ ló wà nínú èkejì, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń ṣe èèyàn léṣe.

Ní 1960 kan náà, Herbert Ehringer àti Oleh Hornykiewicz ní Vienna rí i pé dópámíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ọpọlọ àwọn tó kú pẹ̀lú Parkinson. L-dopa wá di oògùn àìsàn náà, òun náà ni wọ́n sì ń lò títí dòní.

Àmọ́ ta ló gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgbì? Àwọn oníṣẹ́ abẹ ni. Alim-Louis Benabid ní Grenoble, ní Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ti wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ aláìsàn ní 1987, kó lè máa fi iná tọ́jú wọn. Wáyà tó ń gbé iná wọlé lè gba ìgbì jáde pẹ̀lú. Ní 2001, Peter Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé nígbà tí àwọn aláìsàn kò lo oògùn, beta ga fíofío. Bí wọ́n ti lo L-dopa, ó rọlẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé iṣẹ́ yìí rí i pé bí beta bá ṣe rọlẹ̀ tó ni gígan ara àti ìlọ́ra ṣe ń dẹ̀ tó. Wọ́n tún rí ohun kan tí mo kà sí ìdí ọ̀rọ̀ gan-an: nínú ọpọlọ tó le, beta máa ń dé fún ìgbà kúkúrú, á sì lọ, nínú ti aláìsàn, ó máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ìgbì náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Àìlè tú ká rẹ̀ ló ń dá ara dúró.

Arúgbó tí kò ní àìsàn ń kọ́? Láti ìgbà téèyàn bá ti tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún ni àwọn ibi tí dópámíìnì ń bà lé nínú ọpọlọ ti ń dín kù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Lars Bäckman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stockholm fi hàn ní 2000 pé ìdínkù yìí bá bí ọpọlọ ṣe ń yá tó àti bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan tó mu, ju bí ọjọ́ orí lásán ṣe bá a mu lọ. N kò ní sọ pé dópámíìnì nìkan ló wà nídìí beta tó ń ga lára àgbà. Èròjà mìíràn ń yí padà, àwọn okùn tó so apá ọpọlọ kan mọ́ èkejì náà ń gbó. Bẹ́ẹ̀ ni fífi L-dopa fún arúgbó tí ara rẹ̀ le kò lè sọ ọ́ di ọ̀dọ́. Àpọ̀jù dópámíìnì ń ba ọpọlọ jẹ́ bí àìtó rẹ̀ ṣe ń bà á jẹ́.

Ohun kan wà tó fi hàn kedere pé agbára ò tíì tán. Ẹni tí Parkinson ń bá jà lè máa rìn bọ̀ láti pálọ̀, kó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àyà ń tẹ̀ síwájú, orúnkún ń gbọ̀n, àtẹ́lẹsẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá tì í, á ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi ọ̀pá lélẹ̀ ní ìdábùú níwájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè, táá sì ré e kọjá. Ìró tó ń dún déédéé náà máa ń ran ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ láti rìn. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà dá ìrìn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dí. Ọ̀nà ojú àti ti etí ṣì là.

Èyí ló fi ń dùn mí bí wọ́n bá ní “ogbó ni” nítorí bàbá tí kò lè dé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, tàbí tí wọ́n ní ayé ló mú ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ní 2023, ìwádìí kan tí Njideka Okubadejo ti ìlú Èkó wà lára àwọn tó ṣe é, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì kópa nínú rẹ̀, ṣàwárí ìyípadà kan nínú àbùdá GBA1, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn adúláwọ̀. Ẹni tó jogún ẹ̀dà kan rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 1.5 sún mọ́ Parkinson ju ẹni tí kò ní in lọ. Ẹni tó jogún méjì fi nǹkan bí ìlọ́po 3.5. Àìsàn yìí ń bẹ nínú ilé wa, ó sì ní oògùn tó ń dẹ̀ ẹ́. Ìlọ́ra ogbó sábà máa ń mú ọ̀tún àti òsì pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni Parkinson sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa wo àwọn òbí yín látẹ̀yìn bí wọ́n bá ń rìn lọ. Bí apá kan bá ń jù, tí èkejì rọ̀ sílẹ̀ láìmì, tí ìkọ̀wé tó gbòòrò tẹ́lẹ̀ sì ń kéré sí i lórí ìlà, ẹ mú wọn lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ kí ọdún tó yí po.