Ẹni Tí Ń Fúnni àti Ẹni Tí Ń Gbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìlú fún Aládàáni

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, ẹ má ṣe bínú bí mo bá ti ara ọ̀rọ̀ ẹnu wọ inú ìtàn. Nínú èdè wa, ohun tí a bá yá ẹnìkan ní oníǹkan, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí ọwọ́ oníǹkan. Nígbà tí a bá ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan pa nítorí pé ọmọ kò pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́, tí aládàáni sì wá pé kí a yá òun ní ilé náà fún owó ọdọọdún, ta ni oníǹkan? Ta ni yóò dá iye owó? Ta ni yóò rí i pé ilé náà padà? Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni ó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, tí ó sì tún jẹ́ òun ni ó fẹ́ yá ilé náà, tàbí ìyàwó rẹ̀, tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀ràn dé.

Ìlú yìí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1943, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbílẹ̀ Ọ̀fà dá Offa Grammar School sílẹ̀. Lábẹ́ Ìlọrin, ní ìhà Àríwá, ni Ọ̀fà wà nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí aráàlú fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ ní ìhà náà. Àwọn ìjọ Kírísítì àti àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí náà kọ́ tiwọn. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ kiri gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Kwara, ọdún 1974 ni a sábà máa ń tọ́ka sí. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ oníǹkan ti dàrú. Ìlú ní òun ni òun kọ́ ọ, ìjọ ní orúkọ òun ni ó wà lára ògiri, ìjọba ní òun ni òun ń san owó olùkọ́.

Ẹ kò ì gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìlọrin ní oṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa nítorí híjáàbù. Aṣọ ìbòrí ni gbogbo ayé rí. Ìdí ọ̀rọ̀ gan-an ni pé ta ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti dájọ́ ní 2016, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sì fi ọwọ́ sí i ní 2019, pé ti ìjọba ni wọ́n. Síbẹ̀ ìdájọ́ kò pa iyè àwọn ènìyàn rẹ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù lórí kì í gbàgbé.

Ìlànà kan wà tí ó ti wà ṣáájú gbogbo òfin wọ̀nyí. Olórí ẹbí kọ́ ni ó ni ilẹ̀ ẹbí, olùtọ́jú ni. Bí kò bá pe àwọn àgbà ẹbí jọ, kò lè fi ilẹ̀ náà fún àlejò, bí ó bá sì tà á bí ẹni pé tirẹ̀ ni, títà náà kò dúró níwájú adájọ́. Ohun tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, gbé lọ sí ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ́nù nìyẹn, tí Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921 ni wọ́n dá a láre pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti olóyè nìkan, ti gbogbo àwùjọ tí ó ń ṣojú fún ni. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Olórí ẹbí ńlá ni gómìnà dà báyìí, ìyẹn ni pé ohun tí kò tọ́ sí olórí ẹbí kékeré kò tọ́ sí òun náà.

Àṣà kí ẹni tí ń fúnni àti ẹni tí ń gbà jókòó sórí àga kan náà kì í ṣe tòní. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ ti 1926 fún ìhà Gúúsù, wọ́n fi àwọn aṣojú ìjọ sínú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ìjọ yìí kan náà ni ó ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. N kò bá wọn wí. Àwọn ni wọ́n mọ iṣẹ́ náà jù, ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í sì í ṣe tiwọn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àṣà náà ta gbòǹgbò. Àwa tí a tẹ̀ lé wọn kò bèèrè mọ́ pé ta ni ó yẹ kí ó dìde kúrò lórí àga.

Ní 2001, ìjọba Èkó dá ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀. Àwọn kan yọ̀ pé ẹ̀kọ́ yóò tún dára. Àwọn mìíràn sọ pé ọmọ tálákà kò ní lè san owó ibẹ̀ mọ́. Ní 2016, ìjọba Ọ̀yọ́ gbé èrò jáde láti fa ilé-ẹ̀kọ́ gíga 31 lé àwọn aládàáni àti àwọn ìjọ lọ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ta kò ó ní Ìbàdàn. Ẹ kíyè sí i pé ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò ṣófo. Ọmọ wà nínú wọn. Ohun tí ó bí àwọn ènìyàn nínú, bí mo ti rí i, ni pé ilé ti fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kí a tó bi àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ léèrè. Ilé tí ó ṣófo rọrùn láti fúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò pariwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rù rẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ilé náà lè kọ́kọ́ rí i pé ó ṣófo: kí olùkọ́ má dé, kí òrùlé máa jò, kí àwọn òbí fúnra wọn kó ọmọ wọn lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àìsàn ilẹ̀ wa nìkan ni, kí ó wo East Ramapo ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ tí aráàlú dìbò yàn ni ó ń ṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ọmọ tiwọn sí. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ Hillcrest pa, wọ́n sì fẹ́ tà á fún ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní mílíọ̀nù 3.2 dọ́là, nígbà tí ìdíyelé àkọ́kọ́ ti jẹ́ mílíọ̀nù 5.9. Àwọn òbí gbé ẹjọ́ lọ, ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà sì fagi lé títà náà. Ohun tí ó gba ilé náà là ni pé ẹnìkan wà lókè tí kò ní ọmọ nínú ọ̀ràn, tí ó sì ní agbára láti sọ pé rárá.

Ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀fà? Ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìjàkadì ni ìlú yìí, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ń jà kọ́ ni yóò sọ ẹ̀yìn ẹni tí ó kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ ara wa níhìn-ín. Kọmíṣọ́nà lè jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà látijọ́, olórí ẹgbẹ́ ìlú lè ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tirẹ̀, ẹni tí ń díyelé ilé lè jẹ́ ọmọ ìjọ tí ń tọrọ rẹ̀. Kò sí olè nínú wọn, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo wọn fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Òfin Ìpilẹ̀ 1999 kò dúró de olè kí ó tó sọ̀rọ̀: ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sí ipò tí ànfààní ara rẹ̀ yóò ti bá ojúṣe rẹ̀ jà. A gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà; mélòómélòó ni ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀ tí ó sì dá a?

Láyé àwọn baba wa, ẹni tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún, iṣu àti epo, ní ojú gbogbo ẹbí. Ọmọdé ilé pàápàá mọ̀ pé àlejò ni ẹni náà. Àwọn ìwé àdéhùn tí a ń fi yá ilé ìjọba, inú fáìlì ni wọ́n sábà máa ń sùn sí. N kò rí ìdí tí a kò fi ní lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin Ọlọ́fà àti ti ìjọba ìbílẹ̀: iye owó, iye ọdún, orúkọ ẹni tí ó yá ilé, orúkọ ẹni tí ó díyelé e, àti orúkọ àwọn tí ó dìde jáde kúrò ní ìpàdé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n.