Bí A Ṣe Ń Mọ Epo Ẹ́ńjìnnì Tó Dára

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí epo ẹ́ńjìnnì.

Àwa ará Àjàṣẹ́ kì í ṣe àjèjì sí òwò epo. Ní ayé Ọba Toffa, tí ó jọba láti 1874 títí di 1908, epo pupa àti ekùrọ́ ni olórí ọjà tí ìlú wa ń tà fún òyìnbó. Wọ́n ń fi epo pupa ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Wọ́n tún ń fi í pa irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, kí irin má baà máa jẹ irin.

Ìyá tí ń ta epo pupa mọ èyí tó dára. Yóò wò ó, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ní 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Díẹ̀díẹ̀, epo inú ilẹ̀ gba iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ epo pupa. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Epo àlòkù tí wọ́n sẹ́ sínú ike tuntun lè máa dán bí oyin.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe wá àmì sí i. Ẹgbẹ́ SAE ti Amẹ́ríkà ń fi nọ́ńbà sọ bí epo ṣe ki tó. 40 ki ju 30 lọ. Èyí kò ní kí 40 dára ju 30: èyí tí ìwé mọ́tò yín bá sọ ni kí ẹ rà.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà API dé. S wà fún ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, C sì wà fún ti dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé S. SF jẹ́ ti mọ́tò àwọn ọdún 1980. SN jáde ní 2010. F ṣáájú N nínú ábídí. Fún mọ́tò, SN dára ju SF lọ.

Asẹ́ epo ńkọ́? Mọ́tò àtijọ́ kò ní asẹ́ gidi. Ní 1923, Ernest Sweetland ṣe ọ̀kan, ó pè é ní Purolator. Lónìí, bébà tí a ká pọ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ asẹ́. Òun ló ń mú ìdọ̀tí àti èérún irin. Asẹ́ méjì lè jọra lóde, kí bébà ọ̀kan má tó nǹkan. Kò ní pẹ́ dí. Bí ó bá dí, ilẹ̀kùn kékeré kan yóò ṣí kí epo má baà wọ́n ẹ́ńjìnnì, ìdọ̀tí yóò sì bá epo wọlé.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń pààrọ̀ epo, ẹ pààrọ̀ asẹ́ pẹ̀lú. Epo tuntun nínú asẹ́ àtijọ́ dà bí omi tuntun nínú ìkòkò tí a kò fọ̀. Ẹ wo ìdérí ike bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Bí epo bá tán, ẹ lu ike náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rọ àlòkù sínú rẹ̀ tà.

Ẹ́ńjìnnì tó bá kú, owó oúnjẹ ilé ló bá a lọ. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ ka ara ike kí ẹ tó san owó.