"La Noire de…" àti àwọn lámèyítọ́ rẹ̀

Ousmane Sembène, òǹkọ̀wé ọmọ Senegal, gbé ìtàn kúkúrú yìí jáde nínú ìwé rẹ̀ Voltaïque ní ọdún 1962. Diouana, ọmọ ọ̀dọ̀ kan, tẹ̀lé àwọn ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Faransé láti Dakar lọ sí Antibes, ó sì gbẹ̀mí ara rẹ̀ níbẹ̀. Inú ìtàn náà gan-an ni ìtúmọ̀ àkọ́kọ́ wà: ìwé ìròyìn ní àárò ilé ló fà á. Àwọn lámèyítọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rí oko ẹrú tuntun nínú rẹ̀; àwọn mìíràn tẹnu mọ́ ìyà tí obìnrin fi ń jẹ obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí fíìmù tí Sembène ṣe ní 1966 ni púpọ̀ nínú wọn dá lé. Ọdún 1958, lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ni ìtàn náà wáyé. Fíìmù gbé e wá sí ẹ̀yìn òmìnira, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ọkàn Diouana. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ka ẹ̀sùn tí òǹkọ̀wé fi kan ìjọba amúnisìn sí ẹ̀sùn tó fi kan ìgbà òmìnira.