Baba Ẹlẹ́gùn Kétu àti àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn



Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ ìdílé kan ni ìtàn àwọn ọba Kétu wà. Oyè Baba Ẹlẹ́gùn, oyè àjogún ni ní ìdílé Oyèdé. Bí a bá ń fi ọba tuntun jẹ, òun ló ń ka ìtàn ìlú àti orúkọ àwọn ọba láti orí, ní gbangba.

Gbangba yẹn ló ṣe pàtàkì. Ìtàn wa sọ pé Ṣóìpàṣán ló kó wa kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, pé Ẹ̀dẹ, ọba keje, ló tẹ Kétu dó. Bí ẹnì kan bá ka Ṣóìpàṣán, tó sì bọ́ sórí Ẹ̀dẹ, kò purọ́. Orúkọ méjèèjì ló jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti fo ọba márùn-ún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lára àwọn tó ń gbọ́ yóò pe àkíyèsí sí i. Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, síbẹ̀ orúkọ àwọn ọba kò parẹ́. Ní 1956, Parrinder tẹ ìtàn náà jáde.

Lónìí ńkọ́? Ní 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ RAVIP láti fi orúkọ gbogbo wa sílẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà tí ojú wa kò tó ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń wà. Bí ó bá dá wa lóhùn, báwo la ṣe mọ̀ pé wọn kò yí i, pé wọn kò fo nǹkan kan, pé ti òní ni?

Ní 1979, Ralph Merkle, ará Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n kan. Ẹ̀rọ á ṣe òǹtẹ̀ kúkurú láti inú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà kan bá yí, òǹtẹ̀ á yí. A ó so òǹtẹ̀ pọ̀ ní méjìméjì títí yóò fi ku ẹyọ kan, tí wọ́n ń pè ní gbòǹgbò. Ẹni tó ni àkọsílẹ̀ á mú gbòǹgbò náà lọ́wọ́, á kó ìyókù fún olùtọ́jú. Olùtọ́jú gbọ́dọ̀ fi àwọn òǹtẹ̀ kan ti ìdáhùn rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 20 ti tó. Bí ìṣirò kò bá bá gbòǹgbò mu, ọwọ́ ti kàn án. Bí a bá to àkọsílẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, olùtọ́jú gbọ́dọ̀ fi èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé ìdáhùn rẹ̀ hàn, kí a lè mọ̀ pé kò fo nǹkan kan. Bí ẹni tó ni ín bá sì kọ ọjọ́ sára gbòǹgbò, tó fọwọ́ sí i, a ó mọ ti ọdún tó kọjá yàtọ̀ sí ti òní.

Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Bí akọ̀wé bá ṣi ọjọ́ ìbí ọmọ kọ, òǹtẹ̀ á ṣọ́ àṣìṣe náà dáadáa. Nítorí náà, ẹ ka ìwé ìbí ọmọ yín dáadáa kí ẹ tó kúrò ní méèrì, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ kíka orúkọ àwọn ọba rí, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ fún wa nísàlẹ̀.