A Shorte Treatyse of Contemplacyon

A Shorte Treatyse of Contemplacyon jẹ́ ìwé ìfọkànsìn kékeré kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, èyí tí òǹtẹ̀wé Wynkyn de Worde tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1501. Àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí "Ìwé kúkúrú nípa àṣàrò". Ojú ìwé 7 péré ni ó ní. Inú ìwé tí ó gùn jù ú lọ púpọ̀, The Book of Margery Kempe, ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Fún ohun tí ó lé ní 400 ọdún, ìwé kékeré yìí àti àtúntẹ̀ rẹ̀ nìkan ni àwọn òǹkàwé fi mọ Margery Kempe, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó hàn nínú rẹ̀ yàtọ̀ gidigidi sí èyí tí ó gbé ayé.

Ìgbésí ayé Margery Kempe

Nǹkan bí ọdún 1373 ni a bí Margery Kempe ní Bishop's Lynn, ìlú tí à ń pè ní King's Lynn lónìí, ní agbègbè Norfolk. Bàbá rẹ̀, John Brunham, jẹ mẹ́yọ̀ ìlú náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Margery fẹ́ John Kempe, ó sì bí ọmọ 14. Ó pọn ọtí tà, ó tún ní ẹ̀rọ ìlọkà tí ẹṣin ń fà, ṣùgbọ́n òwò méjèèjì forí ṣánpọ́n.

Lẹ́yìn tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, orí rẹ̀ dàrú fún oṣù mélòó kan, kí ó tó rí Jésù Kristi nínú ìran. Nígbà tí ó yá, òun àti ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní bá ara wọn lò pọ̀ mọ́. Ó rin ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù, Róòmù àti Santiago de Compostela. Ó máa ń sunkún kíkan ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ìta gbangba, èyí sì bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ní ọdún 1417, wọ́n mú un ní Leicester, wọ́n sì tún wádìí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní York, nítorí wọ́n fura pé ẹlẹ́kọ̀ọ́ àdámọ̀ ni. Wọn kò rí i dá lẹ́bi.

Kò mọ̀ ọ́n kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ẹnu ni ó fi sọ ìtàn rẹ̀, tí àwọn akọ̀wé sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1436, àlùfáà kan bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà kọ, nítorí pé ọwọ́ akọ̀wé àkọ́kọ́ kò ṣeé kà dáadáa.

Àkóónú

Wynkyn de Worde ti bá William Caxton, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́, òun ni ó sì jogún ilé iṣẹ́ náà lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀. A kò mọ orúkọ ẹni tí ó ṣa ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí jọ.

Ọ̀rọ̀ tí Kristi ń bá Margery sọ nínú ọkàn rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́ni ní sùúrù nínú ìpọ́njú. Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ ọkàn tí ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run sàn ju ààwẹ̀ gbígbà àti ọ̀pọ̀ àdúrà àfẹnukà lọ. Ìrìn-àjò, ọkọ, ọmọ, òwò àti ìgbẹ́jọ́ Margery kò sí níbẹ̀.

Àtúntẹ̀ ọdún 1521

Ní ọdún 1521, Henry Pepwell tún ìwé yìí tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì dà á pọ̀ mọ́ ìwé ìfọkànsìn 6 mìíràn. Ó pe Margery ní obìnrin anìkangbé, ìyẹn ẹni tí ó ti ara rẹ̀ mọ́ inú yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti máa gbàdúrà títí di ọjọ́ ikú. Julian ti Norwich, tí Margery lọ bẹ̀ wò, gbé irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. Margery fúnra rẹ̀ kò gbé e rí. Síbẹ̀, nígbà tí Edmund Gardner tún àkójọ náà gbé jáde ní ọdún 1910, kò sí ìwé mìíràn tí ó lè tú àṣìṣe náà fó.

Ìwárí ìwé àfọwọ́kọ

Ní ọdún 1934, a rí odindi ìwé àfọwọ́kọ The Book of Margery Kempe nínú ilé ìdílé Butler-Bowdon. Hope Emily Allen, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ni ó dá a mọ̀. Ìwé náà ti wà lọ́wọ́ àwọn mọ́ǹkì Carthusian ti Mount Grace ní Yorkshire nígbà kan rí. Ọdún 1940 ni Allen àti Sanford Brown Meech tẹ odindi rẹ̀ jáde fún àwọn onímọ̀. British Library ni ó wà báyìí.

Pàtàkì rẹ̀

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó kù nínú èyí tí de Worde tẹ̀, ó sì wà ní ibi ìkówèésí Yunifásítì Cambridge. Ìwé náà ni kò jẹ́ kí orúkọ Margery parẹ́, nítorí ó wà nínú àkọlé rẹ̀ ní kíkún. Òun kan náà ni ó sì fi ariwo ìgbésí ayé rẹ̀ pamọ́, tí àwọn òǹkàwé fi rò pé inú yàrá kan ni ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀.