Iná Mànàmáná Dé Bladensburg

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1851. Ọkọ̀ kan dúró sójú irin ní Washington, kò ní ààrò, kò rú èéfín. Ọgọ́rùn-ún ìkòkò bátìrì ló wà nínú rẹ̀, ásíìdì kún inú wọn. Charles Grafton Page ló kàn án, ìjọba Amẹ́ríkà sì ti fún un ní $20,000 fún iṣẹ́ náà. Èèyàn méje wọlé, wọ́n forí lé ìlú Bladensburg.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ń wọ́ bí ìgbín. Ọmọdékùnrin kan ń bá a sá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì gbẹ́yìn. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín: ẹrù tọ́ọ̀nù mọ́kànlá ni òòfà ń fà yẹn. Page ká wáyà ní ìká-ìká, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀pá irin sì gba àárín wọn kọjá. Ìká tí iná bá wọ̀ á di òòfà, á fa ọ̀pá mọ́ra. Kí ọ̀pá má bàa há síbẹ̀, súìṣì kan ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ó ń gba iná lọ́wọ́ ìká tẹ̀yìn, ó ń gbé e fún tiwájú. Lójú tèmi, súìṣì yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Òun náà ló léwu jù, torí ìgbàkígbà tó bá já iná, iná á ta pàrà, ó sì lè jó ohun tí wọ́n fi bo wáyà.

Ó ku máìlì méjì kí wọ́n dé Bladensburg. Ilẹ̀ tẹ́jú, ọkọ̀ fò sáré: máìlì 19 láàárín wákàtí kan! Bó ṣe sá bẹ́ẹ̀ fún máìlì kan ni ìkòkò kan là, àwọn ásíìdì inú rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra, agbára sì dín kù. Méjì mìíràn tún bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi mọ wọ́n, fún ìdánwò lásán.

Ìṣẹ́jú 39. Wọ́n dé Bladensburg.

Ní àlọ àti àbọ̀, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n dúró, ogójì ìṣẹ́jú sì lọ sí i. Page ń rọra wà á, ó ń ṣọ́ ọkọ̀ tó lè yọ níwájú, ó ń ṣọ́ màlúù.

Wákàtí méjì ku ìṣẹ́jú kan, wọ́n ti padà sí Washington. Ẹ yọ ogójì ìṣẹ́jú kúrò, kí ẹ tún un kà: ẹ́ńjìnnì yẹn lágbára, ìkòkò ni kò lè gbé e.

Ẹlòmíràn ló wá bọ́ lọ́wọ́ ìkòkò: ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1888, onímọ̀ ẹ̀rọ Frank Sprague ṣí ọkọ̀ oníná ìgboro Richmond, ní Virginia. Wáyà òkè ló ń gbé iná wá fún un láti ilé iṣẹ́ mànàmáná. Kò gbé ìkòkò kankan.